Alùpùpù Alájì Ràímì àti Ogójì Ọdún Mi Lórí Kabúrétọ̀

Ọmọ ọmọ mi, Ràmátù, parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó wá ń wá iṣẹ́ tó máa kọ́. Ó jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Asawase, ní Kumasi, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ka oríṣiríṣi iṣẹ́ sí mi létí. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ó lé ní ogójì ọdún tí ẹ fi ń fọ kabúrétọ̀. Ṣé iṣẹ́ ni ìyẹn náà?"

Háà! Inú bí mi débi pé mo gbé kọ́ọ̀bù tíì mi sílẹ̀ láìmu ún tán. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ẹ pé fífọ̀ lásán ni? Ìyá ẹ ló ń fọ abọ́. Èmi ń wo alùpùpù sàn ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú. Mo kúkú ti bínú tán. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, fún òun àti fún gbogbo ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi jẹun. Màá fọ́nnu níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè, torí mo mọ iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n màá sọ ohun kan tí mo gbé mì sínú láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ogún ọdún, tí mi ò sọ fún ẹni tó yẹ kí n sọ ọ́ fún títí di ọdún yìí.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Kumasi ni wọ́n bí èmi sí. Bàbá mi ń ta aṣọ ní Kejetia, ìyá mi ń ta kókò níwájú ilé, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, láràárọ̀. Bàbá mi fẹ́ kí n wá jókòó ti aṣọ, ṣùgbọ́n ìdí mi kì í gbélẹ̀. Bí alùpùpù bá kọjá lójú títì, ọrùn mi á yí tẹ̀ lé e. Bó ṣe rẹ bàbá mi nìyẹn, tó fà mí lé Wòfà Kwame lọ́wọ́ ní Suame Magazine, níbi tí àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe pọ̀ sí bí eèrà.

"Wòfà" ni àwọn Asante máa ń pe arákùnrin ìyá ẹni. Gbogbo àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ la ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá a tan àti ẹni tí kò bá a tan. Ọkùnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, Twi ló máa ń sọ sí wa. Èmi ni mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún yín níbí. Ẹ má tìtorí pé kò pariwo kí ẹ rò pé ó rọ̀. Ẹni tó le ni! Ọdún kan gbáko ni mo fi ń fọ bóòtù àti nọ́ọ̀tì nínú kẹrosíìnì. Mi ò tíì fọwọ́ kan kabúrétọ̀ kan. Èékánná mi dúdú débi pé ìyá mi kì í jẹ́ kí n bu kókò fúnra mi.

Nígbà tó wá gbà kí n tú kabúrétọ̀, aṣọ funfun kan ló tẹ́ síwájú mi. Ohun tí o bá kọ́kọ́ tú, ọwọ́ òsì ni wàá gbé e sí, èyí tó tẹ̀ lé e á tẹ̀ lé e, títí wàá fi dé apá ọ̀tún. Tí o bá fẹ́ tò ó padà, apá ọ̀tún ni wàá ti bẹ̀rẹ̀. Wòfà á wá kọjá lẹ́yìn rẹ, á mú wọ́ṣà kékeré kan lórí aṣọ náà, á fi sápò. Kò ní sọ nǹkan kan. Á lọ jókòó, á máa wò ẹ́. Tí o bá tò ó tán tí o ò mọ̀ pé nǹkan dín, ọ̀ràn dé nìyẹn. Á ní kí o tú u lẹ́ẹ̀mẹta, kí o tò ó lẹ́ẹ̀mẹta, oúnjẹ ọ̀sán rẹ á sì tutù síbẹ̀. Mo ti bú ọkùnrin yẹn nínú mi, ẹ jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí mo bá tú nǹkan sílẹ̀ tí ẹyọ kan bá dín níbẹ̀, ara mi á sọ fún mi kí ojú mi tó rí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kabúrétọ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Abọ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí pẹtiróòlù máa ń dúró sí. Ohun kan ń léfòó nínú abọ́ náà. Bí pẹtiróòlù bá ti kún tó, yóò gbé abẹ́rẹ́ kan sókè láti dí ẹnu ọ̀nà tí pẹtiróòlù ń gbà wọlé. Pẹtiróòlù inú abọ́ yẹn ló máa gba inú jẹ́ẹ̀tì kọjá lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Idẹ kékeré kan ni jẹ́ẹ̀tì, ihò inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun orí. Gbogbo wàhálà alùpùpù tó ń tàdí mẹ́yìn, tó ń kọ́ bí ẹni ikọ́ ń ṣe, tó ń kú lójú títì, inú ihò yẹn àti ìdí abẹ́rẹ́ yẹn ló sábà máa ń wà.

Òfin méjì ni Wòfà ní. Àkọ́kọ́, wáyà kò gbọdọ̀ wọ inú jẹ́ẹ̀tì. Tí wáyà bá ti gbòòrò ihò yẹn, alùpùpù á máa mu pẹtiróòlù bí ọ̀mùtí ni. Fi pẹtiróòlù tó mọ́ rẹ ẹ́, kí o fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí o gbé e sójú oòrùn wò. Bí ó bá rí wáyà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítòsí jẹ́ẹ̀tì, orí òrùlé ló máa jù ú sí. Òfin kejì ni pé a ò gbọdọ̀ gbé kabúrétọ̀ padà sórí alùpùpù láì fi ẹnu dán an wò. Wàá dojú rẹ̀ dé, wàá fi ẹnu fẹ́ ọ̀nà tí pẹtiróòlù ń gbà wọlé. Tí abẹ́rẹ́ bá dí ọ̀nà náà dáadáa, èémí rẹ kò ní lè kọjá. Tí ó bá kọjá, bó ti wù kó kéré mọ, tú u. "Ojú lè tàn ẹ́," Wòfà máa ń wí, "ahọ́n rẹ kò ní tàn ẹ́." Kò sí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ nígbà yẹn, ẹnu wa ni ẹ̀rọ. A máa ń kó pẹtiróòlù mu bí ẹní ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ní ọdún kẹta mi, mo ṣe ohun kan tí mo ṣì ń fi yangàn. Àwa ará Asawase ní ìwà kan. Tí ẹnì kan bá fẹ́ lọ sílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́, fún oṣù méjì-mẹ́ta, inú yàrá ló máa ń gbé alùpùpù rẹ̀ sí. Torí pé ó ń bẹ̀rù iná nínú ilé, á fa gbogbo pẹtiróòlù inú táńkì gbẹ. Á wá kan sáárá sí ara rẹ̀ pé òun gbọ́n. Kò mọ̀ pé táńkì tó ṣófo ni atẹ́gùn tútù ń wọ̀, omi á sì máa wà lára irin nínú. Tó bá fi máa dé, inú táńkì á ti dípẹtà, á pupa bí ilẹ̀ Kumasi. Ìpẹtà yẹn á máa já bọ́ wẹ́wẹ́, á ṣàn wọ kabúrétọ̀, á di abẹ́rẹ́ mú.

Kíki òkúta wẹ́wẹ́ sínú táńkì ká máa mì ín la mọ̀ ní Magazine, ìyẹn ò sì ń mú un kúrò tán. Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ọ̀bẹ tí ìyá mi gbàgbé sínú omídùn, omi kíkan orí ògì, ti mọ́ tónítóní, gbogbo ìpẹtà ara rẹ̀ ti bọ́. Mo bu omídùn náà kún kẹ́ẹ̀gì, mo gbé e lọ sí Suame. Wòfà gbóòórùn rẹ̀, ó di imú mú, ó ní, "Sùlé, kí ni èyí tó kú?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀ kó máa wò mí. Mo fi igi dí ìdí táńkì, mo da omídùn sínú rẹ̀, mo ju ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ kan sí i, mo ń mì ín láràárọ̀ àti lálaalẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo dà á nù, mo fi omi eérú ṣan kíkan rẹ̀ kúrò, mo sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ táútáú, mo da pẹtiróòlù tí mo pò mọ́ ọ́ìlì díẹ̀ sí i lójú ẹsẹ̀, kí irin má bàa rí àyè pupa padà. Wòfà fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò. Ó ní, "Ìyá rẹ ń ta ohun tí kò mọ̀." Ẹni tí kì í yin ènìyàn ni, nítorí náà orí mi wú fún ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo táńkì tó bá dípẹtà nínú ṣọ́ọ̀bù wa, èmi ni wọ́n ń gbé e fún.

Ó wá ku oṣù díẹ̀ kí Wòfà dá mi sílẹ̀. A ti fi ọjọ́ sí i, lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀. Ìyá mi ti rán aṣọ. Inú oṣù ààwẹ̀ yẹn ni Alájì Ràímì gbé alùpùpù rẹ̀ wá.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni Alájì Ràímì. Ojúlé kẹta sí tiwa ni, òun àti bàbá mi jọ ń ta aṣọ ní Kejetia. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, ó ti ṣe bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe, ó fa táńkì gbẹ kó tó lọ. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta wẹ táńkì náà. Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa, ó ń dúró kí n to kabúrétọ̀, torí ó fẹ́ délé ṣínu. Oòrùn mú lọ́jọ́ yẹn, ọ̀fun mi ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Mo to kabúrétọ̀ náà tán, mo dojú rẹ̀ dé, mo gbé e dé ibi ètè mi.

Mo dá ọwọ́ dúró. Mo rò ó pé tí ẹ̀kán pẹtiróòlù kan bá wọ ọ̀fun mi, ààwẹ̀ mi ti bàjẹ́ nìyẹn, nígbà tó ku wákàtí kan péré. Mo wo yàrá ẹ̀yìn tí Wòfà wà. Mo ní ṣebí èmi ni mo wẹ táńkì yẹn, ṣebí mo mọ iṣẹ́ mi. Mo fi ojú wò ó, mo gbé kabúrétọ̀ padà sórí alùpùpù, mo da pẹtiróòlù sí i, mo wò ó fún ìgbà díẹ̀, kò kán. Alájì gùn ún, ó dúpẹ́, ó lọ.

Kò tíì dé ráńdábáòtù nígbà tí a gbọ́ igbe. Ègé ìpẹtà kan ló ti há sídìí abẹ́rẹ́. Pẹtiróòlù kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó ṣàn sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná sọ. Àwọn ènìyàn da yanrìn sí i, iná náà kú, ṣùgbọ́n ó ti jó ẹsẹ̀ ọ̀tún Alájì láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run. Subuhanallahi! Mi ò ní gbàgbé òórùn yẹn láéláé.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ wò ó nílé ìwòsàn. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, bàbá mi náà wà níbẹ̀. Bàbá mi bi mí lójú gbogbo wọn pé, "Sùlé, kí ló ṣẹlẹ̀ sí alùpùpù yìí?" Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ nígbà tí mo ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà tí mo ya ẹnu, ohun mìíràn ló jáde. Mo ní, "Pẹtiróòlù ni kò dáa, Bàbá. Ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀."

Alájì bojú wò mí láti orí ìbùsùn. Ó ní, "O fi ẹnu dán an wò?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o, Alájì. Mo fi ẹnu dán an wò."

Ó yí ojú sí ògiri. Mo kúrò níbẹ̀.

Wòfà ni mi ò lè purọ́ fún. Ó pè mí sí yàrá ẹ̀yìn, ó gbé kabúrétọ̀ tí iná ti sọ dúdú sáàárín wa, ó ń wò mí. Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ti ààwẹ̀ àti ti irọ́ tí mo pa nílé ìwòsàn. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó ní, "Sùlé, ta ló ní kí o má gbààwẹ̀? Èmi ni? Ẹnu tèmi ò gbààwẹ̀. Kí ló dé tí o ò gbé e wá kí n bá ẹ dán an wò?"

Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé mo lè bẹ̀ ẹ́. Ìgbéraga ni, ẹ̀yin ọmọ. Mo fẹ́ kó máa rí mi bí ẹni tó ti mọṣẹ́ tán.

Ó tún ní, "Pẹtiróòlù ò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ. Irọ́ wá lè kàn án?"

Ilẹ̀ ìbá lanu, mo ti kó sí i. Wòfà fúnra rẹ̀ lọ bẹ Alájì, ó ní ṣọ́ọ̀bù òun ló jẹ̀bi, ó sì sún ìdásílẹ̀ mi síwájú ní ọdún kan. Ṣùgbọ́n kò bá mi sọ ti irọ́ náà. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ẹrù òun, kí n lọ sọ ọ́ fúnra mi. Mo ní màá lọ. Láti ọdún yẹn, tí oṣù ààwẹ̀ bá ti wọlé, gbogbo àwa mùsùlùmí inú ṣọ́ọ̀bù, Wòfà ló ń bá wa fi ẹnu dán kabúrétọ̀ wò. Ó máa ń tò wọ́n síwájú rẹ̀ lọ́sàn-án, á máa fẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa tutọ́, á máa bú wa. Kristẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé ni. Mi ò tíì rí irú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó dá mi sílẹ̀, lójú gbogbo ẹbí mi, ó da páúdà funfun sí mi lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́ tó gba ìdásílẹ̀ níbí, ó gbàdúrà fún mi, ó gbé àpótí irinṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Ó wá fa etí mi mọ́ra, ó ní, "Ọwọ́ rẹ ti kọ́ṣẹ́ tán. Ṣé o ti lọ sọ ọ́?" Mo ní mi ò tíì lọ. Ó mi orí, ó lọ jókòó.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Magazine. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀ wàyí. Sùlé Kábù ni wọ́n ń pè mí, kabúrétọ̀ ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀. Ẹ dé Suame kí ẹ béèrè, ẹni tí kò mọ Sùlé Kábù, àlejò ni. Alùpùpù máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá, láti apá àríwá tí wọ́n ti ń gun alùpùpù lójoojúmọ́ nínú eruku. Mo lè jókòó kí n kọ ẹ̀yìn sí alùpùpù, kí o tan án, kí n sọ fún ẹ pé jẹ́ẹ̀tì kékeré ló dí, ńlá kò dí. Àwọn mìíràn máa ń bá mi ta tẹ́tẹ́ pé mi ò lè mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́. Ọmọ mọ́kànlélógún ló gba ìdásílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí alùpùpù tó ṣe tíì gbiná rí. Mo sì kọ́ gbogbo oníbàárà mi ní Asawase pé tí wọ́n bá ń lọ ìrìn àjò, táńkì ni kí wọ́n rọ kún dé ẹnu, kí wọ́n ti ẹnu ọ̀nà tí pẹtiróòlù ń gbà wọ kabúrétọ̀ pa, kí wọ́n wá tú pẹtiróòlù inú kabúrétọ̀ dà nù. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù iná nínú yàrá, kó gbé alùpùpù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, màá bá a tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń ní alùpùpù mẹ́jọ àwọn tó lọ sí Mẹ́kà lọ́wọ́.

Irinṣẹ́ wá ń yí padà. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dé, ẹnu wa sinmi. Oògùn inú agolo dé, tí a kàn ń fín sí kabúrétọ̀ tí ìdọ̀tí á ṣàn. Mo kọ́kọ́ ń pe àwọn tó ń fín in ní ọ̀lẹ. Ìgbà tó yá, èmi náà rà á, ẹ má dá mi lóhùn. Alùpùpù Ṣáínà dé, wọ́n pọ̀ bí yanrìn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń pè ní pràgíà gba gbogbo ìgboro. Nígbà tó yá, alùpùpù tí kò ní kabúrétọ̀ rárá dé, kọ̀ǹpútà kékeré ló ń pín pẹtiróòlù fún un. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ so wáyà mọ́ ọn, ó ń ka àìsàn rẹ̀ lórí fóònù. Mo wò ó, mo ní Ọlọ́run tóbi. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ìpẹtà kò tíì lọ síbì kankan. Táńkì ṣì jẹ́ irin, omi ṣì ń wọ̀ ọ́. Àwọn tó ní kọ̀ǹpútà náà ṣì ń wá bá mi pé kí n bá àwọn wẹ táńkì, omídùn ni mo sì ń fún wọn.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, Alájì Ràímì ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n awọ ibẹ̀ kó jọ, ó ń tiro díẹ̀. Ó ra alùpùpù mìíràn, ó ń gùn ún kọjá lọ́dọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní ìsàlẹ̀ pé kó bá òun tún un ṣe. Ẹni yẹn ń fi wáyà gún jẹ́ẹ̀tì! Mo máa ń gbọ́ ìró alùpùpù Alájì látòkèèrè, mo mọ ohun tó ń ṣe é, mo kàn ń wò ó. Mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i, á dáhùn, á gbàdúrà. Mo ń gbé ẹran iléyá lọ fún un lọ́dọọdún, á gbà á, á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò gbé alùpùpù wá. Mo sì mọ ohun tó ń dúró dè. Igba ìgbà ni mo ti dìde pé mo fẹ́ lọ sọ ọ́. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí, mo wá béèrè pé ṣé wọ́n ní omi nínú ilé. Báwo ni Sùlé Kábù ṣe máa lọ sọ pé òun purọ́ lórí kabúrétọ̀? Wòfà kú, mi ò tíì sọ ọ́. Bàbá mi kú, ó gbà pé pẹtiróòlù ni kò dáa.

Ní ọdún tó kọjá, ojú mi kò ríran sínú jẹ́ẹ̀tì mọ́. Mo ní ó tó, kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń fẹ́ mi. Mo kéde rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Nígbà tí ọdún yìí wọlé, tó ku nǹkan bí oṣù kan kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, pràgíà akẹ́rù kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Alájì Ràímì ló jókòó síwájú, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alùpùpù kan wà lẹ́yìn, wọ́n fi aṣọ bò ó. Mo ká aṣọ náà. Alùpùpù ọjọ́sí ni. Ìjókòó tó jó ṣì wà lórí rẹ̀, wáyà rẹ̀ ti yọ́ mọ́ra.

Ó ní, "Wọ́n ní o fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ta ló máa wá ṣe tèmi?"

Mo kàn ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Alájì. Ẹ fi sílẹ̀."

Oṣù kan ni mo fi ṣe é, ọwọ́ mi nìkan ló kàn án. Ìpẹtà ti lu táńkì ní ibi méjì. Mo wẹ̀ ẹ́ ní omídùn lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ní kí wọ́n jó ihò rẹ̀ pa. Mo wá kabúrétọ̀ irú rẹ̀ káàkiri Magazine títí mo fi rí i lórí àlòkù kan. Ràmátù ló ń bá mi wo inú jẹ́ẹ̀tì, torí ojú tirẹ̀ mú. Mo fi ẹnu dán an wò ní ẹ̀ẹ̀méje. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tí Alájì wá gbà á, mo tan án, ó sì ń lù kẹ́kẹ́kẹ́ bí ìgbà tó dé láti ilé iṣẹ́. Àwọn èèyàn Magazine pé jọ, wọ́n ń yìn mí. Alájì ò yìn mí. Ó dúró ti ọ̀pá rẹ̀, ó ń wo ojú mi. Mo pa alùpùpù náà. Mo kúnlẹ̀ nínú ọ́ìlì tó wà nílẹ̀, lójú gbogbo wọn, àti lójú Ràmátù.

Mo ní, "Alájì, lọ́jọ́sí, mi ò fi ẹnu dán an wò. Ààwẹ̀ mi ni mò ń ṣọ́. Pẹtiróòlù kò ṣe nǹkan kan. Mo purọ́ fún yín lórí ìbùsùn yín."

Ó ní, "Mo mọ̀. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà. Mo rí ẹ nígbà tí o gbé e dé ètè tí o tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Ẹ foríjì mí, Alájì."

"Ti iná ni mo ti foríjì ẹ́ láti ilé ìwòsàn, ti irọ́ ló kù," ó wí. "Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ ra alùpùpù yìí lọ́wọ́ mi, mi ò tà á. Mo ní tí mo bá tà á, kí lo máa rí wá bá mi sọ̀rọ̀ lé lórí? Mo wá rò ó pé o lè jẹ́ kí ọ̀kan nínú wa kú kí o tó sọ ọ́. Ìyẹn ni mo fi gbé e wá."

Ẹkún gbọ̀n mí. Ó fi ọ̀pá tọ́ mi léjìká. Ó ní, "Dìde, ilẹ̀ dọ̀tí. Gbé mi lọ sílé."

Ràmátù bá mi gbé Alájì gun ẹ̀yìn alùpùpù náà. Alájì fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó gbé ẹsẹ̀ tó jó yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó di èjìká mi mú. Mo wà á jáde ní Suame jẹ́jẹ́, bí ẹní gbé ẹyin lẹ́yìn. A kọjá ráńdábáòtù. Mi ò jẹ́ kó yára rárá, mò ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ létí mi.

Nígbà tí a bọ́ sójú ọ̀nà Asawase, ó lù mí lẹ́yìn. Ó ní, "Sùlé, kí ló dé? Sáré díẹ̀ sí i, jàre."